Bí Òbí Tó Ń Tọ́jú Ọmọ Tó Ní Àrùn Fòníkú-fọ̀ladìde Ṣe Lè Tọ́jú Ọkàn Ara Rẹ̀

Àwọn onímọ̀ ìlera fojú bù ú pé ọmọ bí 150,000 ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn lágbàáyé tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ìyá, bàbá tàbí ìyá àgbà kan wà tó ń fi ojú kan sùn, tó sì ń fi èkejì ṣọ́ ọmọ. Àrùn náà lè fi ọmọ sílẹ̀ kó máa ṣeré fún oṣù méjì gbáko, kí ara sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní aago méjì òru, nítorí náà ọkàn òbí kì í fìdí mọ́lẹ̀, kódà ní ọjọ́ tí ara ọmọ dá ṣáṣá.

Ìmọ̀ràn tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fún irú òbí bẹ́ẹ̀ ni pé kó máa sinmi, kó má sì ronú jù. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò ṣeé tẹ̀ lé. Òbí tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ oògùn ọmọ, tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò lè sinmi bó tilẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Èrò tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí ni pé ìsinmi ọkàn òbí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá mọ iṣẹ́ náà ṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ nípa ẹni kejì fi gùn jù lọ níbí, tí ọ̀rọ̀ nípa dókítà ọpọlọ sì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ibi tí àrùn náà ti wá

Ẹ̀bi ló máa ń kọ́kọ́ wọ òbí lọ́rùn, kí àárẹ̀ tó dé. Kí òbí méjèèjì jọ jókòó níwájú dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa jẹ́nótáìpù, kó sì ṣàlàyé fún wọn ní èdè tó yé wọn yékéyéké. Bí bàbá bá jẹ́ AS, èyíinì ni pé ó gbé àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń ṣe é, tí ìyá náà sì jẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà pé ọmọ inú oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS, èyíinì ni ẹni tí àrùn náà ń ṣe. Ìṣirò náà ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní gbogbo ìgbà tí oyún bá dúró. Bí ẹ bá ti bí ọmọ mẹ́ta tí ara wọn le, ìyẹn kò ní kí ìkẹrin má jẹ́ SS, bí ẹ bá sì ti bí SS kan, ìyẹn kò sọ pé ó ti tán. Ọmọ gba ìdajì lára bàbá, ó sì gba ìdajì lára ìyá. Kò sí ìyá tó lè dá fún ọmọ ní SS.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nílẹ̀ wa ju bó ṣe ṣe pàtàkì níbòmíràn lọ, nítorí pé láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n sọ ní Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́, ìyá wọn ni wọ́n sì máa ń tẹjú mọ́. Ìfura náà kò tíì tán. Síbẹ̀, láti ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ti ròyìn ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bí dòjé, èyí tí wọ́n rí lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi ní Chicago, nígbà tó sì di 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ẹ̀jẹ̀ ni àléébù náà wà. Ohun tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wò nínú ẹ̀jẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Bí ẹbí bá ń béèrè ẹni tó ṣe é, ọkọ ni kó dá àwọn ènìyàn tirẹ̀ lóhùn, kí ìyàwó má baà dá nìkan jẹ́jọ́. Ó lè sọ pé: “Màmá, ẹ̀jẹ̀ tèmi àti tìyàwó mi ló pàdé. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwa méjèèjì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa lọ gbọ́ ọ ní ọjọ́ tí a bá tún fẹ́ lọ.”

Àwọn òbí kan wà tó mọ̀ pé AS ni àwọn méjèèjì kí wọ́n tó fẹ́ra. A kò lè tu irú wọn nínú pé wọn kò mọ̀. Ohun tó máa ń ran wọ́n lọ́wọ́ ni kí wọ́n sọ ọ́ jáde fún ẹni tí kò ní fi bú wọn lọ́jọ́ iwájú, bíi nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì padà sórí ohun tí ọmọ náà nílò lónìí. Ìpinnu ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò ní oògùn. Ara tó gbóná lálẹ́ yìí ní.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ohun tó wà lórí yín sínú ìwé

Ẹ ra ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, kí ẹ sì so bírò mọ́ ọn. Ojú ewé àkọ́kọ́ wà fún orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, jẹ́nótáìpù rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àti nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ojú ewé kejì wà fún oògùn ojoojúmọ́: folic acid, oògùn tó ń dènà ibà bíi Paludrine, penicillin fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àti hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora àrùn náà kù, bí dókítà bá ti fi í sórí rẹ̀. Ẹ kọ iye tó ń lò àti aago tó ń lò ó. Ojú ewé kẹta wà fún ohun tí ẹ máa ń ṣe nílé bí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, èyíinì ni omi tó yẹ kó mu, aṣọ tó móoru, ìfọwọ́ra, àti oògùn ìrora tí dókítà fọwọ́ sí pẹ̀lú iye rẹ̀.

Ojú ewé kẹrin ni kí ẹ fi bírò pupa kọ, nítorí pé òun ló ń sọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ sí ìjíròrò mọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí ìgbóná ara rẹ̀ bá tó 38.5°C lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, bí mímí bá ń ni ín lára tàbí tí àyà ń dùn ún, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, bí ikùn rẹ̀ bá ń wú ní ìhà òsì tí ètè àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì funfun lójijì, bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, tàbí bí oògùn ìrora tí ẹ fún un nílé kò bá ran ìrora náà. Fún ọmọkùnrin, ẹ fi nǹkan ọmọkùnrin tó le tó ń dùn ún tí kò sì rọ̀ kún un. Òun fúnra rẹ̀ lè tijú láti sọ ọ́, nítorí náà ẹ ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó má fi pamọ́.

Iṣẹ́ tí ìwé yìí ń ṣe fún ọmọ hàn kedere. Èyí tó ń ṣe fún òbí kò hàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kéré. Ọkàn tó bá há gbogbo nǹkan sórí máa ń ka á ní àkàtúnkà lóru láti mọ̀ bóyá ó ti gbàgbé ọ̀kan. Ohun tó bá ti wà nínú ìwé, ọkàn lè gbé e sílẹ̀ di àárọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ ẹni kejì

Ẹni kejì ni ẹni tó lè wà pẹ̀lú ọmọ láti alẹ́ di òwúrọ̀, tó lè fún un ní oògùn, tó lè mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti kọjá ilé, tó sì lè gbé e dé ilé ìwòsàn láìdúró dè yín. Àlejò tó wá kí ọmọ pẹ̀lú ọsàn àti bísíkíìtì ṣeun o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni kejì.

Bàbá ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ wà ní ipò yìí bó bá ń gbé nílé. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, bàbá ló ń wá owó, ìyá ló sì ń sùn sórí ẹní ní wọ́ọ̀dù. Ètò yìí ń pa àwọn méjèèjì lára. Ìyá kò rí ẹni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà ń gbé ìbẹ̀rù kiri láìsí ohunkóhun tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí i, títí ìbẹ̀rù náà yóò fi di ìbínú, tàbí di kó máa pẹ́ kó tó wálé. Bàbá tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbóná ara ọmọ, tó sì mọ ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀, kì í páyà tó ẹni tó kàn jókòó síbi iṣẹ́ tó ń retí kí fóònù dún.

Níbi tí bàbá kò sí, ẹ wo ìyá àgbà, àbúrò, aládùúgbò tó ń gbé inú ọgbà kan náà pẹ̀lú yín, tàbí ọ̀rẹ́ kan nínú ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àdúrà. Ẹ má ṣe mú ẹni tó bá gbà pé àgbo lè rọ́pò oògùn dókítà, bó ti wù kó fẹ́ràn ọmọ náà tó, nítorí pé ẹ̀yin náà yóò máa ronú ohun tó ń fún un mu, a sì jẹ́ pé ẹ kò sinmi. Mo mọ̀ pé ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìyá ọkọ gan-an, kò sì rọrùn láti fò ó dá. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Àgbàlagbà tó bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ sábà máa ń di olùrànlọ́wọ́ tó le jù lọ.

Ẹ má fa gbogbo iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Kí ó kọ́kọ́ jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ ní oògùn. Lẹ́yìn náà, kí òun fún un, kí ẹ̀yin máa wò ó. Ní alẹ́ mìíràn, kí òun sun yàrá ọmọ, kí ẹ̀yin sùn sí yàrá kejì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó jáde kúrò nílé fún ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ sì tún sun ìta lóru kan nígbà tó bá yá. Ẹ̀rù yóò bà yín ní alẹ́ àkọ́kọ́, kò sì túmọ̀ sí pé ẹ ṣe ohun tí kò dára.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ ẹnìkan, ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ aago, ẹ sì sọ iṣẹ́ náà gan-an. Ìyàwó ilé lè sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ma, mo fẹ́ kí ẹ bá mi tọ́jú Ayọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo oògùn rẹ̀ wà nínú ìwé yìí, a ó sì jọ kà á kí n tó lọ.” Bí ẹ bá kàn sọ pé “Ẹ máa ràn mí lọ́wọ́,” àwọn ènìyàn yóò dáhùn pé “Ọlọ́run á ṣe é,” wọn yóò sì dìde máa lọ. Ní alẹ́ tí wọ́n bá sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín, ẹ sùn. Ẹ má fi fọ aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣètò oorun, ẹ sì ṣètò wákàtí ìrora

Òbí tó ń dìde ní wákàtí wákàtí láti fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè sùn mọ́ rárá, kódà nígbà tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ wọn ìgbóná ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó sùn. Bí kò bá gbóná, tí kò sì sọ pé ibì kan ń dun òun, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀, àyàfi tó bá pè yín. Bí wọ́n bá dá ọmọ dúró sí ilé ìwòsàn, ẹ pín òru láàárín ara yín láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹnìkan má baà sun wọ́ọ̀dù tẹ̀ léra fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá wálé, kó wẹ̀, kó jẹun, kó sì sùn kó tó dáhùn ìpè àwọn tó ń béèrè àlàyé. Ẹ lè yan àbúrò kan tí yóò máa fi ìròyìn sórí WhatsApp ẹbí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ó ń gba òbí lọ́wọ́ sísọ ìtàn kan náà fún ogún ènìyàn.

Nígbà tí ìrora bá ń ṣe ọmọ lọ́wọ́, ojú yín ló máa ń wò. Ẹ jókòó tì í, ẹ fà èémí sínú bí ẹ ti ń ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ sì tú u jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń kà á dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọmọ náà bá yín ṣe é bó bá ti dàgbà tó. Èyí kò rọ́pò oògùn ìrora, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yín dúró láti ka ìwé tí ẹ ti kọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ máa wo ara yín bí ẹ ṣe ń wo ọmọ

Ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá mú ọmọ lọ rí dókítà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ǹjẹ́ ọkàn mi ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì tàbí sorí kọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, àti pé ǹjẹ́ àwọn ohun tó máa ń dùn mọ́ mi ṣì ń dùn mọ́ mi? Bí ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú wọn kò bá dára, ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà, kí ẹ má dúró de ìgbà tí yóò burú.

Ìsoríkọ́ àti ìpayà kì í fi gbogbo ìgbà wá bí ẹkún. Lọ́dọ̀ wa, ara ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn kan yóò ní orí àwọn ń gbóná, tàbí pé nǹkan kan ń rìn wọ́n lára. Àyà ẹlòmíràn máa ń já ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ ọmọ bá yọ lórí fóònù. Oúnjẹ kò wu òmíràn jẹ mọ́, òmíràn kò lè sùn, òmíràn sì ń lu àwọn ọmọ tó kù nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ó dára kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà wò, ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò sí nǹkan kan, ẹ má kàn padà sílé láìtíì sọ fún dókítà pé ẹ ń tọ́jú ọmọ SS.

Bí ó bá ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn, tàbí pé kí ẹ ṣe ọmọ náà ní nǹkan kí ìyà lè tán, ẹ sọ fún ẹnìkan ní wákàtí kan náà, ẹ má dá wà, kí ẹni tó bá wà pẹ̀lú yín kó oògùn àti kẹ́míkà apakòkòrò kúrò nítòsí, kó sì mú yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Èrò bẹ́ẹ̀ kò sọ yín di òbí burúkú. Àmì àìsàn ni, ìtọ́jú sì wà fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ mọ ibi tí ẹ ó lọ kí ó tó di ọ̀ràn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà ọmọ yín, nítorí pé ó mọ̀ yín. Ẹ sọ gbólóhùn kan fún un: “Dókítà, èmi gan-an kò gbádùn.” Ó lè kọ ìwé fún yín lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Yábàá àti ní Arò, Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n rí àwọn ní ẹnu ọ̀nà Arò, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní wèrè. Ní Arò yìí kan náà, láti ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, kí ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn, nítorí ó gbà pé àárín ènìyàn ni ọkàn ti ń san. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ẹnìkan dání.

Ìtọ́jú náà lè jẹ́ ìjókòó sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Oògùn ìsoríkọ́ sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí agbára rẹ̀ tó hàn, nítorí náà ẹ má jáwọ́ ní ọjọ́ karùn-ún pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì dá a dúró lójijì bí ara bá ti yá. Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn, ẹ sọ ọ́. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè, ó sì lòdì sí kí wọ́n máa yẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Àdúrà ń gbé ọ̀pọ̀ òbí ró, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń kìlọ̀ ni ibi tí wọ́n bá ti ní kí ọmọ gbààwẹ̀, kó ṣe àìsùn nínú òtútù, tàbí kó dá oògùn dúró láti fi ìgbàgbọ́ hàn. Ebi, òùngbẹ, òtútù àti àárẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìrora náà gan-an. Ẹ bá olórí ìjọ tàbí ìmáàmù yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbà bí wọ́n bá ti mọ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn òbí ọmọ SS tún wúlò. Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ẹ sì lè béèrè ní ilé ìwòsàn yín nípa ẹgbẹ́ tó sún mọ́ yín. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn náà. Fún òbí tí wọ́n ti sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò ní kọjá ọdún mọ́kànlélógún, rírí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú kojú ju ìwàásù lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: Owó, ìgbéyàwó, àti àwọn ọmọ tó kù

Àìlówó lọ́wọ́ lóru wà lára ohun tó ń ba ọkàn òbí jẹ́ jù. Ẹ forúkọ ìdílé sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín, bíi Ìlera Èkó ní ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ sì béèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò nípa àrùn yìí kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún dá àjọ kan sọ́tọ̀ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn bí kò ṣe fún ọjọ́ ìdánidúró.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí tọkọtaya sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú nípa ohun tí kì í ṣe àìsàn. Àwọn ọmọ tó kù náà ń jowú, wọ́n sì ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́. Ẹ yan ìgbà kan tó jẹ́ tiwọn nìkan, ẹ má sì sọ wọ́n di nọ́ọ̀sì àbúrò wọn.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òfin Children and Families Act ti ọdún 2014 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ní kí kánsù yín ṣàyẹ̀wò ohun tí ẹ̀yin fúnra yín nílò gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ ìwé béèrè fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa níbẹ̀ kò ní ìyá àgbà tàbí aládùúgbò tó lè sun ilé wọn, nítorí náà ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ohun tí a ń gbójú fò.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fa ìwé náà lé ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀

Láti ìgbà tí ọmọ bá ti ń lọ sí bí ọdún mẹ́wàá, kí ó máa ka orúkọ oògùn rẹ̀ sókè, kí ó máa gbé omi rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó sì máa dá dókítà lóhùn fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fi tiyín kún un. Tí ó bá di ọ̀dọ́langba, òun ni kó máa kọ ọjọ́ tí ara ro ó àti ohun tó ṣáájú rẹ̀. Yóò gbàgbé oògùn ní ọjọ́ mìíràn, yóò sì bínú pé ẹ ń bi òun léèrè. Ẹ jọ yan aago kan lóòjọ́ tí ẹ lè béèrè, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ ní àwọn wákàtí tó kù.